Igi Ńlá Lórí Omi Dídì

   

Ọ̀rọ̀ eré ìdárayá ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ kọ́. Eré kan ni tí ó jẹ́ pé, bí a bá pe gbogbo ọmọ tí ó ń sáré kiri nínú eruku Jahi ní ìrọ̀lẹ́ jọ, bóyá ni a ó rí ẹyọ kan tí ó ti fi ojú kan rí i rí. Họ́kì orí omi dídì ni wọ́n ń pè é. Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ni ó kàn wá nínú eré ilẹ̀ òtútù, àwa tí oòrùn ń pa? Ohun tí ó kàn wá ni pé ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ eré náà gbá jù lọ ní ayé, orúkọ Yorùbá ni ó ń jẹ́. Jarome Iginla ni. Àwọn tí ń ròyìn eré lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní ọ̀hún kò mọ ohùn tí a fi ń pe orúkọ náà, ṣùgbọ́n ogún sáà gbáko ni wọ́n fi ń pè é. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀: igi ńlá ni wọ́n ń wí.

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá ni ìbéèrè kan tí àwọn òbí a máa bi wá lemọ́lemọ́ lẹ́yìn ìsìn. Wọn a ní, “Fádà, àwọn ọmọ wa wọ̀nyí tí a bí sí àjò, tí wọn kò gbọ́ èdè wa dáadáa, kí ni yóò kù nínú wọn tí a ó fi mọ̀ wọ́n sí ọmọ wa?” Ìbéèrè tí ń wúwo lọ́kàn ni. A kò ní sọ pé a ní ìdáhùn tán sí i, ṣùgbọ́n ìtàn iṣẹ́ ọkùnrin yìí lè là wá lójú díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe àlàyé eré náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ní ilẹ̀ Kánádà, nígbà òtútù, omi adágún a máa dì gbagidi débi pé ènìyàn lè rìn lórí rẹ̀. Lórí irú omi bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọdé ọ̀hún ti ń kọ́ ọ. Lónìí, inú gbọ̀ngàn ńlá ni àwọn tí ó fi í ṣe iṣẹ́ ti ń gbá a, lórí omi tí ẹ̀rọ mú dì. Ẹni mẹ́fà ní ìhà kọ̀ọ̀kan ni ó máa ń wà lórí rẹ̀, aṣọ́lé jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bàtà tí irin mímú bí ọ̀bẹ wà lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀, ọ̀pá gígùn tí ó tẹ̀ ní ìdí ni wọ́n sì fi ń gbá rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan tí ó le koko, tí ó lè sáré ju 150 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gbá a, ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ó le tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kì í lò tó ìṣẹ́jú kan tán kí ó tó jáde lọ mí, kí ẹlòmíràn sì wọlé dípò rẹ̀. Wọ́n ń fi èjìká kọlu ara wọn, wọ́n ń gbá ara wọn mọ́ ògiri, eyín ń kán, egungun ń yẹ̀. Nínú líìgì tí ó ga jù lọ, èyí tí a ń pè ní NHL, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a máa gbá ọ̀pọ̀lọpọ̀ eré ní sáà kan, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n fi ń du ife ẹ̀yẹ.

Ọmọ ọdún 18 ni bàbá Jarome nígbà tí ó kúrò ní Nàìjíríà lọ sí Kánádà. Adékúnlé ni orúkọ rẹ̀ nígbà tí ó ń lọ. Nígbà tí ó dé ọ̀hún, ó sọ ara rẹ̀ ní Elvis. Ó kàwé, ó sì di agbẹjọ́rò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tètè dá a lẹ́jọ́. Ta ni nínú àwa tí a wà ní àjò tí kò gé orúkọ rẹ̀ kúrú nítorí ẹni tí ahọ́n rẹ̀ kò lè pè é tán? Níhìn-ín ní Abuja, a mọ Olúwafúnmiláyọ̀ tí ó ti di Funmi, a sì mọ Babalọlá tí ó ti di Bala lẹ́nu àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ń wá ibi jókòó láàárín àlejò, ó lè sún ẹrù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1977, òun àti obìnrin òyìnbó kan tí ó wá láti ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà bí ọmọkùnrin kan ní ìlú Edmonton. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé méjì ni wọ́n wò, orúkọ ọmọ náà sì gùn: Jarome Arthur-Leigh Adekunle Tig Junior Elvis Iginla. Ẹ fi etí sílẹ̀ sí èyí tí ó wà láàárín. Adekunle. Orúkọ tí bàbá bọ́ sílẹ̀ ní ẹnu ibodè ni ó tún gbé wọ ọmọ. Ohun tí ó sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sọ ọ́ nù.

Ọmọ náà kò tíì dàgbà nígbà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ pínyà. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó wà, ní ìlú kékeré tí ń jẹ́ St. Albert, nítòsí Edmonton, bàbá àti ìyá ìyá rẹ̀ sì kún un lọ́wọ́ láti tọ́ ọ. Àwọn òbí àgbà wọ̀nyí, òyìnbó tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, ni wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé ọmọ tí ń jẹ́ Adékúnlé lọ síbi ìgbáradì nínú òtútù, tí wọ́n sì ń gbé e padà. Àwọn àgbà ní ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Bí a bá ń ka àwọn tí ó gbin igi ńlá yìí, a kò gbọdọ̀ fo àwọn arúgbó náà dá.

Aṣọ́lé ni ó kọ́kọ́ jẹ́ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòroó mọ̀. Ní Edmonton nígbà náà, adúláwọ̀ kan tí ń jẹ́ Grant Fuhr ni aṣọ́lé ẹgbẹ́ Oilers, ẹni tí ó di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí orúkọ rẹ̀ wọ ara ife ńlá NHL ní ọdún 1984. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kìíní ọdún 1958 ni Willie O'Ree, tí ojú rẹ̀ ọ̀tún kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ríran mọ́, ti di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò gbá eré nínú líìgì náà. Síbẹ̀ wọn kò pọ̀. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn bá sọ fún Jarome kékeré pé irú rẹ̀ kì í dé ibẹ̀, Fuhr ni ó ń nà wọ́n lọ́wọ́ sí. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fojú kéré ohun tí ó jẹ́ fún ọmọdé láti rí ẹnì kan tí ó jọ òun nídìí iṣẹ́ tí ó wù ú.

Ọmọ ọdún 16 ni ó wà nígbà tí ó fi ilé sílẹ̀ lọ sí Kamloops láti bá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ gbá. Ní ọdún 1994 àti 1995, ẹgbẹ́ náà gba ife tí ó ga jù lọ fún àwọn ọ̀dọ́ ní Kánádà. Ní ọdún 1995 náà ni ọjọ́ yíyàn dé. Ìlànà NHL ni pé ẹgbẹ́ ni ó ń yan ọ̀dọ́, ọ̀dọ́ kì í yan ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ ìlú Dallas ni ó mú un, òun sì ni ẹnì kọkànlá tí a pè ní ọjọ́ náà. Kò tíì gbá eré kan ṣoṣo fún wọn nígbà tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ìlú Calgary ní oṣù Kejìlá, kí wọ́n lè fi rí Joe Nieuwendyk gbà, ògbóǹtarìgì tí àwọn ará Calgary fẹ́ràn. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n fi ìwé kan ṣoṣo ṣí nípò láti Èkó wá sí Abuja, lẹ́yìn tí olú-ìlú kó wá síhìn-ín ní oṣù Kejìlá ọdún 1991, yóò mọ bí ó ti ń rí. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọmọ ọdún 18 ni, gbogbo ìlú sì ń wo ọmọdé tí wọ́n fi àgbà tí wọ́n mọ̀ rà.

Kò pariwo. Ó jókòó ti iṣẹ́. Ọdún méje ni ẹgbẹ́ Calgary kò fi yege débi tí a ti ń du ife, òun sì ń dàgbà sí i lọ́dọọdún. Ní sáà 2001 sí 2002, ó gbá góòlù 52 wọlé, kò sì sí ẹni tí ó tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo líìgì. Nígbà tí a sì ka góòlù pọ̀ mọ́ èyí tí ó fún ẹlòmíràn gbá, 96 ni àmì rẹ̀, òun náà ni ó pọ̀ jù. Láàárín sáà kan náà ni ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù wáyé ní Salt Lake City ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejì ọdún 2002, Kánádà na Amẹ́ríkà ní góòlù márùn-ún sí méjì ní àṣekágbá, wọ́n sì gba wúrà tí wọ́n ti ń wá fún àádọ́ta ọdún. Iginla ni ó gbá méjì nínú márùn-ún náà. Òun ni ó sì di ọkùnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò gba wúrà nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Salt Lake City níbẹ̀ tí kò sí nínú ìwé àkọsílẹ̀ góòlù. Ó bá àwọn mẹ́rin kan pàdé níbi oúnjẹ, ará Calgary, tí wọ́n wá wo eré. Nígbà tí ó bá wọn sọ̀rọ̀, ó gbọ́ pé inú ọkọ̀ ni wọ́n ń sùn nínú òtútù. Ó dìde, ó lọ gba yàrá fún wọn ní òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn ẹbí rẹ̀ wọ̀ sí, ó sì san owó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó fi ṣe àṣà pé, ní góòlù kọ̀ọ̀kan tí òun bá gbá wọlé, òun yóò fi 1,000 dọ́là, tí ó wá di 2,000 nígbà tí ó yá, fún ẹgbẹ́ KidSport, tí ń san owó eré fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ní. Àwọn ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n rí ń jàǹfààní bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń bá a. Adé kún ilé ní tòótọ́, nígbà tí ilé ẹlòmíràn náà rí nínú rẹ̀.

Ní ọdún 2003 ni wọ́n fi í ṣe balógun ẹgbẹ́ Calgary. Ní ọdún kejì, ó kó wọn dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò rò: àṣekágbá ife ńlá náà, tí Lord Stanley, aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kánádà, fi ta àwọn ará ibẹ̀ lọ́rẹ ní ọdún 1892. Eré méje ni wọ́n fi ń wá olúborí. Ẹgbẹ́ tí ó bá kọ́kọ́ borí nínú mẹ́rin ni ó gbà á. Lẹ́yìn eré márùn-ún, Calgary ti borí nínú mẹ́ta. Ẹyọ kan péré ni ó kù. Wọ́n pàdánù ẹ̀kẹfà nínú àfikún àkókò kejì. Ní ọjọ́ keje oṣù Kẹfà ọdún 2004, ẹgbẹ́ ìlú Tampa borí wọn ní ẹ̀keje, góòlù méjì sí ẹyọ kan.

Ẹ̀yin ará wa, kò tún súnmọ́ ife náà tó bẹ́ẹ̀ mọ́ títí ó fi gbé ọ̀pá sílẹ̀. Ní ọdún 2010, ní Vancouver, ó tún gba wúrà Òlíḿpíìkì. Òun ni ó ti rọ́bà sí Sidney Crosby, tí ìyẹn fi gbá góòlù àṣeparí wọlé. Ní oṣù Kẹta ọdún 2013, ó kúrò ní Calgary lẹ́yìn sáà 16, ó lọ sí Pittsburgh láti wá ife. Ẹgbẹ́ Boston yọ wọ́n kúrò láìjẹ́ kí wọ́n borí lẹ́ẹ̀kan. Ó lọ sí Boston fúnra rẹ̀. Àwọn náà kò dé ibẹ̀. Ó lọ sí Colorado, ó parí rẹ̀ sí Los Angeles ní ọdún 2017. Ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Keje ọdún 2018, ó padà wá sí Calgary láti kéde pé òun ti fẹ̀yìntì. Eré 1,554, góòlù 625, àmì 1,300. Ife Stanley, kò sí.

Bí ó bá jẹ́ pé ìwọ̀n wa ni a fi wọ̀n ọ́n, ìwọ̀n tí a fi ń wọn àwọn ọmọ wa nínú yàrá àlejò nígbà tí èsì ìdánwò bá dé, a ó ní ó kù díẹ̀ káàtó. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, Calgary gbé aṣọ rẹ̀ tí nọ́ńbà 12 wà lára rẹ̀ kọ́ sókè gbọ̀ngàn, kí ẹnikẹ́ni má tún wọ̀ ọ́ mọ́. Ní ọdún 2020, ọdún àkọ́kọ́ tí òfin gbà á láàyè, wọ́n yàn án sí Ilé Ògo àwọn agbá-họ́kì, wọ́n sì fi í jẹ oyè náà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021. Ife jẹ́ ti ènìyàn púpọ̀ àti ti àkókò. Ẹnì kan kì í dá a gbà. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ènìyàn ni bí ó ti ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní òwúrọ̀ ogún ọdún.

Àmọ́ o, a kò gbọdọ̀ fi ìtàn igi kan bo igbó mọ́lẹ̀. Rumun Ndur, tí a bí ní Sàríà ní ọdún 1975, ni ó kọ́kọ́ wọ NHL nínú àwọn tí a bí sí Nàìjíríà. Eré 69 ni ó gbá níbẹ̀, kí ó tó wá oúnjẹ lọ sí Yúróòpù. A bí Akim Aliu ní Òkènè, ìlú tí púpọ̀ nínú yín máa ń kọjá bí ẹ bá ń gba ọ̀nà Lọ́kọ́jà lọ sí ìhà Ọ̀wọ̀ àti Àkúrẹ́. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ará Ukraine ni ìyá rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2012, nígbà tí Iginla jẹ́ balógun ní Calgary, Aliu wọ aṣọ ẹgbẹ́ náà. Ní eré rẹ̀ kejì, ó gbá góòlù méjì wọlé. Síbẹ̀ eré méje péré ni gbogbo tirẹ̀ nínú NHL. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ó sọ ọ́ síta pé ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, akọ́nimọ̀ọ́gbá kan fi àwọ̀ ara òun bú òun nínú yàrá tí àwọn agbá-họ́kì ti ń múra, àti pé nígbà tí òun kò gbà á mọ́ra, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Akọ́nimọ̀ọ́gbá náà kọ ìwé àforíjì, ó sì fi ipò tí ó wà nígbà náà sílẹ̀. Ní ọdún 2020, Aliu àti àwọn agbá-họ́kì mélòó kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gbógun ti ìwà yìí nínú eré wọn.

Nítorí náà, bí ọmọ kan kò bá dé ibi tí a rò, kí a tó sọ pé ọ̀lẹ ni, ẹ jẹ́ kí a bi í ní ohun tí ó rí lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ wa tí ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láàárín àlejò, níhìn-ín tàbí ní òkè òkun, a máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí wọn kì í mú wá sílé, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìwé èsì nìkan ni a óò béèrè. Aliu gbé tirẹ̀ mì fún ọdún mẹ́wàá. Kò yẹ kí ọmọ wa kankan ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ilé bàbá rẹ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 2018, Nàìjíríà lọ sí ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Kòríà Gúúsù. Obìnrin mẹ́rin ni ó lọ, a sì bá Seun Adigun àti Simidele Adeagbo nínú wọn, tí wọ́n ń sáré lórí omi dídì pẹ̀lú orúkọ ilé wa. Ní ọdún 2024, ẹgbẹ́ tuntun kan ní ìpínlẹ̀ Utah fẹ́ yan ọ̀dọ́ àkọ́kọ́ tí yóò yàn láti ìgbà tí a ti dá a sílẹ̀. Tij Iginla ni wọ́n pè, ọmọ Jarome. Ẹnì kẹfà ni ní ọjọ́ náà, nígbà tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹnì kọkànlá. Ìran kẹta láti ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbéra ní Nàìjíríà ní ọmọ ọdún 18, orúkọ náà ṣì ń dún.

Ẹ̀yin òbí ní Jahi, ẹ̀yin òbí ní gbogbo àjò, ìbéèrè yín ni a fẹ́ fi parí. Ẹ fún ọmọ ní orúkọ yín, kí ẹ sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín ti gé e kúrú níbi iṣẹ́. Ẹ kọ́ ọ ní èdè bí agbára yín ti mọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tí ọwọ́ ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe, kì báà ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí nínú ìdílé yín, kí ẹ gbé e lọ síbẹ̀, kí ẹ dúró dè é, kí ẹ sì gbé e padà wálé. Adékúnlé tí ó lọ sí Kánádà kò lè mọ̀ pé orí omi dídì ni orúkọ òun yóò ti hù. Ó ṣáà fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Ọmọ ni ó mọ ilẹ̀ tí òun rí gbìn ín sí.

 Kí Ọlọ́run bá wa wo àwọn ọmọ wa.